DICK TIGER: ỌKÙNRIN TÍ ÀRÍYÀNJIYÀN SAWABA DÁ LÉ LÓRÍ

Ìwé ọdọọdún wa kì í jáde kó má ní ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan nínú, ẹni tó ti kú tipẹ́ ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọba, oníṣòwò tàbí àlùfáà ni a máa ń yàn. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ̀ṣẹ́jà ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ wa péjọ sídìí tẹlifíṣọ̀n láti wo Anthony Joshua, ọmọ tí ẹbí rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, bó ṣe ń bá Daniel Dubois jà ní Wembley, ní London. Dubois lù ú ṣubú léraléra, nígbà tó sì di ráùndì karùn-ún, Joshua balẹ̀, kò lè dìde kí rẹ́fíríì tó kà á tán. Bàbá kan láàárín wa mi orí, wọ́n ní ara nìkan ni àwọn tòde òní ní, wọn kò mọ ẹ̀ṣẹ́ í kàn. Wọ́n ní Dick Tiger kò ní gba irú ìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè bóyá orúkọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni. Òmíràn yọ fóònù rẹ̀, ó wá ọkùnrin náà, ó sì ké pé ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 péré ló ga, nígbà tí Joshua ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6, pé kí àwọn bàbá má fi ewúrẹ́ wé màlúù.

Àríyànjiyàn yẹn tẹ̀ lé wa dé ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gba àkókò tó yẹ ká fi jíròrò owó ìsìnkú mọ́ wa lọ́wọ́. Alága wá pàṣẹ pé kí àwa tí à ń ṣètò ìwé yìí kọ ìtàn ọkùnrin náà sílẹ̀, ká sì sọ bí ọ̀rọ̀ àgbà àti ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe rí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa nìyí.

Ẹnì kan tún béèrè pé kí ló pa ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá pọ̀ mọ́ ọmọ Ìgbò. Ìbàdàn ni ọkùnrin yìí ti ja ìjà kan tí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ títí dòní. Yàtọ̀ sí ìyẹn, arìnrìn-àjò bíi tiwa ni. Ó fi ilé sílẹ̀ lọ wá owó, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, nígbà tó sì yá, ohun tó kó jọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láìṣe pé ó jalè tàbí pé ó mutí. Àwọn òbí wa tó gbé Gáánà ṣáájú 1969 mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Amaigbo, nílẹ̀ Ìgbò. Ìlú Aba ló ti dàgbà, ọjà ibẹ̀ ló sì ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀: ó ń ra ìgò òfìfo, ó ń tà á. Ní Aba nígbà náà, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ibẹ̀ ni Richard ti kọ́ ọ. Bó ṣe máa ń rọ́ lu ẹni tó bá dojú kọ ọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Tiger, ìyẹn ẹkùn. Ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ gba owó.

Ní ìparí ọdún 1955, ó wọkọ̀ lọ sí Liverpool. Hogan Bassey, ọmọ Calabar, ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, òun ni ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba adé àgbáyé, ní Paris ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ti Tiger kò tètè dáa. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà ní Ìlú Ọba, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdánù. Òtútù mú un, owó kò tó nǹkan, ó sì ní láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kó tó rí jẹ. Ẹni tó bá ti sun inú yàrá kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà ní Kumasi níbẹ̀rẹ̀ àtiwá rẹ̀ mọ irú alẹ́ tí ọkùnrin yẹn ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtijọ́ wé òní nìyí. Bí afẹ̀ṣẹ́jà òde òní bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹrin léra, àwọn tó ń ṣètò ìjà kò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Òdo ni wọ́n ń tà lónìí: kí àwọn èèyàn lè sọ pé lágbájá kò tíì pàdánù rí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wá aláìlágbára fún ọmọ wọn ní ọdún méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́. Tiger kò ní ẹni tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń bá jà, ó ń pàdánù, ó ń rí ibi tí ẹ̀ṣẹ́ gbà wọlé, ó sì ń dí ibẹ̀ kó tó di ìjà mìíràn. Nígbà tí yóò fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti ja ìjà 82. Ó borí ní 60, ó pàdánù ní 19, mẹ́ta parí sí ọ̀mì. Joshua bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Títí di alẹ́ Dubois yẹn, ìjà 32 ló ti jà. A kò fi ìyẹn bú u, bí iṣẹ́ náà ṣe rí lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí télọ̀ rán nígbà 82 àti èyí tó rán nígbà 32, ọwọ́ kò lè rí bákan náà.

Ní ọdún 1957, ní London, wọ́n gbé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí gbogbo èèyàn ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú Tiger. Terry Downes ni orúkọ rẹ̀. Tiger lù ú débi pé wọ́n dá ìjà náà dúró. Downes yìí kan náà ló di ọba mídùwéètì àgbáyé ní ọdún 1961, nítorí náà kì í ṣe ọ̀lẹ ni Tiger lù. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ní Liverpool, ó na Pat McAteer ní ráùndì kẹsàn-án, ó sì gba adé gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọjá sí Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1962 ló gba adé àgbáyé ní San Francisco lọ́wọ́ Gene Fullmer. Ó ti pé ọdún 33, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ afẹ̀ṣẹ́jà ti ń ronú àtisinmi. Fullmer kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: ọkùnrin líle láti Utah ni, ó ti lu Sugar Ray Robinson fúnra rẹ̀ ní ọdún 1957. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, ìjà náà parí sí ọ̀mì. Ìkẹta ni wọ́n gbé wá sílé.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn kọ́ ní 1960, tí wọ́n sì ti sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 2010. Kò tíì sí ìjà adé àgbáyé kankan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣáájú rẹ̀. Inú ilẹ̀ Yorùbá kò dùn lọ́dún náà. Wọ́n ti kéde òfin pàjáwìrì ní 1962, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà níwájú adájọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Síbẹ̀ ọmọ Yorùbá tú jáde ní Ìbàdàn láti kígbe fún ọmọ Ìgbò. Lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó béèrè ìlú tí Tiger ti wá.

Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́ sọ pé Tiger kò jà dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà lókè lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ á sì wọlé mọ́ àyà. Kì í sáré yí ríìngì ká, kì í sì í fo sókè sódò bí àwọn tó ń ṣe fáàrí. Ìṣísẹ̀ kéékèèké ló fi ń lé èèyàn sí kọ̀rọ̀, bí ẹni ń da adìẹ sínú àgò, nígbà tí kò bá sì sí ibi àtisá mọ́, ẹ̀ṣẹ́ òsì rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á bá ìhà, á tún gòkè bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Fullmer fún ráùndì méje. Nígbà tí aago lu fún ìkẹjọ, Fullmer kò jáde mọ́. Máníjà rẹ̀ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Fullmer kò sì tún jà mọ́ láyé rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1964, Accra náà gbàlejò ìjà adé àgbáyé tirẹ̀, nígbà tí Floyd Robertson ọmọ Gáánà kojú Sugar Ramos, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ìtàn mìíràn, ariwo rẹ̀ sì pọ̀.

Tiger kò pẹ́ lórí oyè. Kí ọdún 1963 tó parí, Joey Giardello fi máàkì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Atlantic City. Ó dúró títí di oṣù kẹwàá ọdún 1965 kó tó gbà á padà lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà. Emile Griffith tún gbà á ní oṣù kẹrin 1966. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti parí, ó sì ti ń lọ sí ọdún 37. Dípò kó sinmi, ó gòkè lọ bá àwọn tó wúwo jù ú lọ. Ní oṣù kejìlá 1966 ní Madison Square Garden, ó na José Torres, ọmọ Puerto Rico tó gba fàdákà ní Òlíḿpíìkì 1956, ó sì di ọba láìtì-hẹ́fíwéètì. Ní oṣù karùn-ún 1967, wọ́n tún pàdé, ó tún nà án.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa, nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ni gbogbo àwíjàre wọn. Mídùwéètì kò gbọdọ̀ kọjá pọ́n-ùn 160, láìtì-hẹ́fíwéètì kò gbọdọ̀ kọjá 175. Hẹ́fíwéètì nìkan ni kò ní òkè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tóbi sí i láti ìran dé ìran. Joe Louis, tó gbèjà adé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín 1937 sí 1949, wúwo tó nǹkan bí 200 pọ́n-ùn. Rocky Marciano, tó ja ìjà 49 láìpàdánù ẹyọ kan, kò tó 190. Bó bá wà lónìí, ìpele tó wà nísàlẹ̀ hẹ́fíwéètì ni wọn ì bá fi í sí. Joshua ń lọ sí 250. Tyson Fury kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9. Oúnjẹ wọn dára sí i, àwọn dókítà ń wọn èémí wọn, fídíò ìjà alátakò sì wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó pàdé rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò lè sọ pé ìyẹn kò jámọ́ nǹkan.

Tiger fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí fún àwọn ọ̀dọ́. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1968, ó kojú Bob Foster, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3. Ọwọ́ Tiger kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ráùndì kẹrin, ẹ̀ṣẹ́ òsì kan bà á, ó dùbúlẹ̀, wọ́n sì kà á tán. Nínú ìjà 82, ìyẹn nìkan ni ìgbà tí wọ́n kà á tán nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Dick Tiger á na Joshua, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò ní nà án. Ẹni tí Foster ga jù lọ tó yẹn, kí ni yóò ṣe sí ẹni tó tún ga ju Foster?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni àwọn bàbá ń sọ bí a bá fi sùúrù gbọ́ wọn. Ìmọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ara. Nígbà Tiger, ráùndì 15 ni ìjà adé. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim ọmọ Korea kú nítorí ìjà kan ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí 12. Ẹ̀ẹ̀meje ni Tiger ja ráùndì 15 pé pérépéré nítorí adé àgbáyé. Àárọ̀ ọjọ́ ìjà gan-an ni wọ́n ń wọn ara wọn, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú bíi ti ìsinsìnyí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní ráùndì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti là kọjá, ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ná agbára. Ohun tó sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ àtijọ́, tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn òwúwo òde òní, nìyẹn.

Ó ṣọ̀wọ́n ni a wí, a kò ní kò sí. Ní oṣù karùn-ún 2024, Oleksandr Usyk ọmọ Ukraine, tí kò wúwo ju nǹkan bí 223 pọ́n-ùn lọ, na Fury tó wúwo ju 260 lọ, ó sì tún nà án ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ Usyk, bó ṣe ń lé òmìrán yẹn lọ sí ibi tó fẹ́, á rí i pé ohun tí Tiger ṣe fún Torres ló ń ṣe. Joshua náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2017, Wladimir Klitschko lù ú lulẹ̀ ní ráùndì kẹfà, ó dìde, ó sì dá a dúró ní ìkọkànlá. Àwọn bàbá tó ní àwọn tòde òní kò ní ọkàn, kí wọ́n lọ wo ìjà yẹn kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀.

Ìtàn Tiger kò parí sórí Foster, ibi tó kù ló sì nira fún wa láti kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó na Torres ní ìgbà kejì ni wọ́n kéde Biafra, oṣù keje 1967 sì ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn ní eré ìdárayá, ó sì tún ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ jà kí owó lè wọlé. Ní oṣù kan náà tí Foster lù ú ṣubú ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ láàárín wa, a kò sì kọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kígbe fún un ní Ìbàdàn ní 1963, ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín. Tiger dá oyè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà fún wọn, nítorí ohun ìjà tí wọ́n ń tà fún Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun ìní tó fi owó ẹ̀ṣẹ́ kó jọ sílé ni ogun gbé lọ.

Ó jà síwájú sí i. Ní oṣù karùn-ún 1969, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni 40 ọdún, ó na Nino Benvenuti tó jẹ́ ọba mídùwéètì lọ́wọ́lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adé kò sí nínú ìjà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, níhìn-ín ní Gáánà, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ẹrù wọn. Òfin náà kò bi ẹnikẹ́ni bóyá Yorùbá ni tàbí Ìgbò tàbí Hausa. Àwọn òbí wa kan ta ìsọ̀ wọn ní Kumasi ní owó tí kò tó owó mọ́tò, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí ẹni ta á fún.

Oṣù keje 1970 ni Tiger ja ìjà rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Griffith ló sì nà án. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì lè lọ sílé. Ọkùnrin tó ti jẹ́ ọba ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta wá gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní Metropolitan Museum of Art ní New York, ó ń dúró ti àwòrán àti ère kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn dókítà rí i pé jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1971, ó padà sí Nàìjíríà, ó sì kú ní Aba ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún náà, ní ẹni ọdún 42. Amaigbo ni wọ́n sin ín sí. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1991, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn akọni ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní Amẹ́ríkà.

Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Foster wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Bàbá tó dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ ní àwọn kò tíì wò ó rí, rédíò nìkan ni àwọn fi ń gbọ́ Tiger. A ti bẹ ọmọ tó ní fóònù ńlá jù kó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti parí ọ̀rọ̀ owó ìsìnkú.